Ohùn Tó Gba Ara Ògiri Kọjá

Ọjọ́ kẹta rèé tí aránṣọ kan àti ọkọ rẹ̀ ti ń yan ara wọn lódì. Ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra, ògiri pákó kan ló là wọ́n láàárín: ìyàwó ń ránṣọ níhìn-ín, ọkọ ń gẹrun lọ́hùn-ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyàwó gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ gbì. Kó tó sáré débẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹnu ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún kò gbéra mọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ kíákíá. Dókítà jókòó ti obìnrin náà.

“Màmá, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan nínú ọpọlọ wọn. A lè ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan láti ìdí itan, kó gòkè débẹ̀, ká fi fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, torí bó bá ti pẹ́ jù, kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ìgbà wo lẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn tí ohùn wọn já gaara?”

Ojú tì í. “A ò bára wa sọ̀rọ̀, dókítà. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta.”

Obìnrin náà fọwọ́ nu ojú.

“Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ mò ń gbọ́ wọn. Kò sóhun tí wọ́n sọ tí mi ò gbọ́ gba ara ògiri. Olùkọ́ kan ni wọ́n gẹrun fún kẹ́yìn. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irun iwájú orí rẹ̀ ti kó ẹrù lọ. Bí olùkọ́ ṣe ń jáde ni rédíò mi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn aago méjìlá.”

“Ó dá yín lójú?”

“Bó ṣe dá mi lójú pé ẹ jókòó síwájú mi.”

Dókítà wo aago. Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

“Àyè ṣì wà. Mi ò ní tàn yín: iṣan lè ya, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú orí. Bá a bá sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, apá àti ohùn yẹn lè má padà.”

Obìnrin náà gba bírò, ó sì buwọ́ lùwé pé kí wọ́n ṣe é.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka táìlì ilẹ̀, ó ṣìṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, ó mú nǹkan, ó sáré wọlé láìwojú rẹ̀.

Nígbà tí dókítà jáde, òógùn bò ó. “A fà á nígbà àkọ́kọ́, kò wá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló jáde.”

Ó fi í hàn án lórí aṣọ funfun: nǹkan pupa dúdú kan tí kò tó èékánná.

“Ṣé èyí ló gbé ọkọ mi ṣánlẹ̀?”

“Òun ni.”

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, dókítà ní kí ọkọ gbé apá ọ̀tún. Apá náà dìde díẹ̀díẹ̀, ó dúró lófuurufú, ó sì padà sílẹ̀.

“Omi,” ni ọkùnrin náà wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ó yé gbogbo wọn.

“Ẹ ní sùúrù, bàbá,” ni nọ́ọ̀sì dáhùn. “A ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀fun yín á lè gbé e mì.”

Ọkùnrin náà fajú ro. Ìyàwó rẹ̀ fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí,” ó sọ fún un, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún náà mú. Ìka mẹ́ta dì í padà. Méjì kò tíì jí.