Nọ́ńbà Pupa Lára Ilé Búrẹ́dì

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo rí i: ọ̀dà pupa lára ògiri ilé búrẹ́dì mi ní Àkúrẹ́. Nọ́ńbà 38. Lọ́dún tí wọ́n fẹ ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wa, gbogbo ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ni katapílà wó kí oṣù tó parí.

Ọkọ mi, tó ti sùn nínú Olúwa, ló kọ́ ilé náà. Ààrò méjì ló wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ méje ló sì ń jẹun lára rẹ̀.

Àbdùlláhì, télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi, ń wo nọ́ńbà 39 tiẹ̀. "Ìyá Títí, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè ná."

"Katapílà kì í dáhùn ìbéèrè," ni mo wí.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkùnrin kan tó so káàdì ìjọba mọ́rùn ń wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan láti ka òṣìṣẹ́, mo ní káwọn òṣìṣẹ́ mi sá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé ẹni tó bá kéré ni wọn yóò ṣàánú. Àná gan-an ni mo kọ́ kíláàsì mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bí Dáfídì ṣe ka iye àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, tí àjàkálẹ̀ àrùn sì pa ẹgbàá márùndínlógójì èèyàn. Mo to àpò fúláwà dí ààrò kejì lójú.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Lawrence lorúkọ mi, ọmọ Oǹdó ni mí. A fẹ́ mọ bí iṣẹ́ tí Àkúrẹ́ ń ṣe ṣe pọ̀ tó. Èèyàn mélòó ló ń bá yín ṣiṣẹ́?"

"Èmi nìkan ni, ọmọ mi."

Ó wo búrẹ́dì tí a tò dé òrùlé. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe gbogbo èyí?"

"Olúwa lagbára mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ọ̀kan sínú fóònù rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án, Àbdùlláhì wá bá mi. "Èèyàn mélòó lẹ pè?"

"Ẹnì kan."

"Subuhanallahi! Ẹ ti fọwọ́ ara yín pe katapílà. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù lásán ni ọ̀dà yẹn. Ọ̀nà tuntun kan ń bọ̀. Àdúgbò tí iṣẹ́ bá ti kéré jù ni yóò gbà kọjá. Èmi bi í, ẹ̀yin ò bi í."

Aago mẹ́rin ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ti àkọsílẹ̀ náà. Lawrence sì ti kọjá sí Oǹdó; Àbdùlláhì pe fóònù rẹ̀, kò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. A kọjá Bọ́lọ́rundúró, mo fẹ́ kọrin, ṣùgbọ́n orin tí mo mọ̀ láti kékeré kò wá sí mi lẹ́nu. Mo wá a kiri títí mo fi bá a ní àdúgbò Yaba ní Oǹdó níbẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó yára dì mí mú.

"Mo parọ́ fún ọ. Méje ni wọ́n."

"Màmá, ẹnu yín sọ ọ̀kan lánàá, ó ń sọ méje lónìí. Ojú mi ni yóò rí wọn kí n tó yí i padà."

Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí a dé Àkúrẹ́. Mo pe àwọn méjèèje jáde. Kìtán, àgbà ìdí ààrò, ká ọwọ́ gbera.

"Ìyá, wọn ò ní í ka èmi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa lọ́jọ́ Ìsinmi pé kíka èèyàn ló fa ikú. Mo lọ́mọ mẹ́ta nílé."

Àwọn yòókù bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ẹnu mi ló padà wá mú mi yìí. Lawrence wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Kìtán, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ yín. Jósẹ́fù àti Màríà náà lọ kọ orúkọ sílẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ìrìn àjò yẹn náà ni wọ́n wà tí wọ́n fi bí Olúwa." Mo yíjú sí Lawrence. "Ṣé o lè kọ orúkọ, kó o má ka orí?"

"Mo lè kọ ọ́, mà."

Kìtán tú ọwọ́ tó ká sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ orúkọ rẹ̀, bí ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mí kanlẹ̀.

"Orúkọ tiyín ńkọ́, mà?"

Láti àárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ pé kí wọ́n ka àwọn ẹlòmíràn. N kò rántí pé èmi náà wà níbẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ Dúrótoyè," ni mo wí.

Ó kù ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù nígbà tó ní, "Ó ti lọ, mà." Bóyá wọ́n gbà á, òun náà kò mọ̀.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọkọ̀ ńlá bá ti dún lójú ọ̀nà, Kìtán á dáwọ́ dúró, á wò mí, èmi náà á wò ó. Akunlé wá lánàá láti kun ògiri wa de ọdún Àjíǹde. Mo ní kó kun gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kó yí nọ́ńbà 38 ká, kó má fi ọ̀dà kàn án.