Ẹ̀dọ̀ Àràárọ̀

Alápatà ni bàbá yìí, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi ń kẹ́ ọmọ ju kó gé ẹran fún un. Látìgbà tí oyún àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ lára ọmọbìnrin rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ màlúù tó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ti di tirẹ̀. Oníbàárà ì báà sunkún, ẹ̀dọ̀ ti lọ. Bàbá á dì í sínú ọ̀rá, á fúnra rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọmọ.

Oyún kejì wá dé, bàbá sì tẹ̀ lé ọmọ lọ síbi àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì wo èsì.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ kéré."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni alápatà wí kí ọmọ tó lanu. "Ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ̀dọ̀. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jókòó."

Ó ní òótọ́ ni, ẹ̀dọ̀ ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, àmọ́ fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, bó bá sì pọ̀ jù lára aláboyún nígbà tí oyún ṣì kéré, ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Àṣejù, baba àṣetẹ́; ṣùgbọ́n ta ní ń rántí òwe níbi tó ti ń kẹ́ ọmọ? Alápatà wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń la egungun màlúù.

"Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e lọ," ló wí.

"Bàbá, ẹ má bínú." Ọmọ rẹ̀ ò lè wo ojú rẹ̀. "Látìgbà tí mo ti lóyún yìí, mi ò fẹnu kàn án. Bí mo bá ti gbóòórùn ẹ̀, èébì ni. Ọkọ mi ló ń jẹ ẹ́."

Àṣé nǹkan tó ń dán lẹ́rẹ̀kẹ́ àna nìyẹn! Bàbá ti rò pé ìgbéyàwó ló bá a lára mu. Ó bo ojú, ó sunkún, inú rẹ̀ sì dùn pé wọ́n pa irọ́ fún òun.

Nọ́ọ̀sì kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ náà. Ó ní kó máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, bó bá sì jẹ́ ẹran, kó jẹ́ ọkàn màlúù tó jinná dáadáa, torí ìyẹn náà ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, fítámì A inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alápatà ta ẹ̀dọ̀ fún oníbàárà àkọ́kọ́ tó béèrè. Ó gé ọkàn màlúù wẹ́wẹ́, ó gbé e lọ sílé ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ó fi jinná. Àna na ọwọ́ sí àwo. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ padà.

Kò dìde níbẹ̀ títí ó fi rí i pé ọmọ rẹ̀ gbé e mì.