Inú Àgbàlá Bàbá Mi

Láti àárọ̀ ni Mátíù ti ń ṣe bí ẹni tí ìjàlọ ń jẹ nídìí nínú kóòtù Igbókòdá. Ó jókòó, ó dìde, ó yọjú wo èbúté lójú fèrèsé, ó tún padà wá jókòó. Tẹ́ní ìyàwó rẹ̀ fa etí bùbá rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá Dùnní. Dídìde yín kọ́ ló máa gbé ọkọ̀ wá."

Ta ló lè bá a wí? Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ti gba ọkọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó fi ń kó edé ní Abẹ́rẹ́kẹ́ ìlú rẹ̀, nítorí pé àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ti fòfin de irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀. Apẹja tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tó fi ń jẹ́ apẹja?

Dámilọ́lá, lọ́yà rẹ̀, ti ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó o. "Bàbá, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára, òun náà ló sì pààlà fún wọn. Ẹja odò wà lábẹ́ wọn. Ẹja òkun, Àbújá nìkan ló lè ṣòfin lé e lórí. Bó bá jẹ́ ojú òkun lẹ wà, òfin wọn ò mú yín."

"Ó ti tán nìyẹn."

"Kò tíì tán. Ẹ wo ohun tí ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà: 'Inú àgbàlá bàbá mi ni mo wà.'"

Ẹyin lohùn, èyí sì ti balẹ̀ nínú fáìlì ìjọba. Bẹ́ẹ̀, Mátíù ò purọ́. Ibi tí wọ́n ti mú un gan-an ni ilé bàbá rẹ̀ wà, pẹ̀lú odò kékeré lẹ́yìnkùlé, kí òkun tó ya wọlé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Gbogbo ìlú ti gbà pé ibẹ̀ ti lọ, òun nìkan ló ń jiyàn. Bó bá ti tukọ̀ débẹ̀, á dẹwọ́ ẹ́ńjìnnì, á ní, "Ìyá, ẹ kúulé o." Tẹ́ní á bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà bíi tirẹ̀, tó ń kí omi! Ṣùgbọ́n ẹni tí òkun ò gbé ìyá tirẹ̀ lọ ni kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n pe ẹjọ́ náà. Lọ́yà ìjọba gbé ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Mátíù sí sókè. "Ṣé àgbàlá máa ń wà lójú òkun ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Dámilọ́lá dìde. "Bàbá, ibi tí wọ́n ti mú yín, kí ló wà níbẹ̀ báyìí?"

Mátíù rò ó wò. Bó bá ní odò ni, ìyá rẹ̀ ṣì nílé, ọkọ̀ sì lọ nìyẹn.

"Òkun ni."

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè," ni adájọ́ wí.

"Mo ní òkun ni! Kò sílé níbẹ̀ mọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́!" Ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn.

Adájọ́ kọ̀wé títí, ó ní agbára aṣòfin ìpínlẹ̀ ò dé ojú òkun, kí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Mátíù dẹwọ́ ẹ́ńjìnnì níbi tó ti máa ń dẹ̀ ẹ́. Ó la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Tẹ́ní dúró dè é títí. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ tẹrí ba sójú omi.

"Ìyá, ẹ kúulé o. Ọmọ yín ti gba ọkọ̀ rẹ̀ padà."