Irin Ìdí Òfì

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ni Mùstàfá ń wá kiri. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ra ọkọ̀ kí aráàlú lè rí wọn o! Àgbẹ̀ oníṣu ni, abà rẹ̀ wà lẹ́yìn Ìlerò, odò kan sì wà láàárín abà náà àti ìlú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọmọdé lè fẹsẹ̀ gbígbẹ kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, hẹ̀! Ẹrẹ̀ ibẹ̀ a máa gbé táyà mì.

Lójò ọdún 1978, etí odò yẹn ni Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí àkọ́bí wọn. Alùpùpù kò lè kọjá, èjìká ni wọ́n fi gbé e dé ìlú. Wọ́n bí ọmọ náà, kò ké. Mùstàfá fọwọ́ ara rẹ̀ sin ín, ó sì búra lójú ìyàwó rẹ̀ pé kò tún sí ẹrẹ̀ tí yóò dá wọn dúró mọ́.

Nígbà tó di ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, Àwáwù tún fẹ́ra kù, ọ̀rọ̀ wá di kíákíá. Mùstàfá ta iṣu, ó ta tábà, ó sì fi Jẹ́ẹ́dé mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, síwájú. Ṣakí ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Jẹ́ẹ́dé fi sípánà gbá abẹ́ jíìpù ògbólógbòó kan níbẹ̀, ìpẹtà dà sílẹ̀ wìì.

“Ìpẹtà yìí ló dì í mú,” ló wí fún ẹni tó ni ín. “Ẹ má fọ̀ ọ́ o, ẹ ò ní rí nǹkan kan tà mọ́.”

Ní Àgọ́-Àrẹ, wọ́n rí Láńdírófà kan lọ́wọ́ kọngílá tó ń la ọ̀nà. Jẹ́ẹ́dé tẹ́ àpò ìdọ̀họ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀ títí Mùstàfá fi rò pé ó ti sùn. Nígbà tó jáde, eyín nìkan ló kù tó funfun lójú rẹ̀. “Èyí ni,” ló wí. Ṣùgbọ́n iye tí kọngílá pè é, iṣu ọdún méjì kò lè kájú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ò ní padà wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Bàbá Ládòkun, bàbá Àwáwù, fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n wá. Gbajúmọ̀ aláṣọ òkè ni, ó ní Láńdírófà tó fi ń kó aṣọ lọ sí Ìbàdàn. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ, ojú òun náà kò sì ríran dáadáa mọ́.

“Ẹ̀ ń wá ọkọ̀ kiri bí ẹni pé n kò sí láyé!” Bí bàbá ṣe kí wọn káàbọ̀ nìyẹn. Ìdajì owó kọngílá ló pè é. “Gbé e lọ. N kò fẹ́ gbọ́ mọ́ pé Àwáwù mi wà nínú ẹrẹ̀.”

Ìdí òfì ló jókòó sí. Òwú tó ń hun nà jáde lọ jìnnà nínú àgbàlá, ó sì so mọ́ pákó kan tí wọ́n gbé ẹrù lé kí òwú lè le. Òkúta làwọn ahunṣọ yòókù gbé lé tiwọn. Irin kan ló wà lórí ti bàbá, ó gùn ju apá lọ díẹ̀, ó nípọn, ó dúdú fún gírísì, irin kéékèèké sì dábùú ara wọn lórí rẹ̀ méjèèjì. Mùstàfá fẹsẹ̀ kọ ọ́ bó ṣe ń yí òwú náà ká. Ó dùn ún, ó pòṣé, kò tún ronú kàn án mọ́.

“Ọ̀já tí wọn yóò fi pọn ọmọ ni mo ń hun yìí,” ni bàbá wí. “N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.”

Jẹ́ẹ́dé ti tẹ́ àpò ìdọ̀họ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mùstàfá sáré gbá a mú ní ìbàdí ṣòkòtò.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mo fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀ ni.”

“Abẹ́ ọkọ̀ àna mi? Lójú rẹ̀ báyìí? Ṣé o fẹ́ kó ní mo pe òun ní gbájú-ẹ̀ ni?”

“Ọkọ̀ ni mo fẹ́ wò. Èmi ò ní mo fẹ́ wo àna rẹ.”

“Dìde jàre, má dójú tì mí!”

Jẹ́ẹ́dé dìde, ó ká àpò rẹ̀. Wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, ohùn rẹ̀ dùn. Wọ́n gbé e jáde lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nínú eruku ọyẹ́, ó ń sáré geere. Ọ̀pá olórí pupa wà nínú rẹ̀, olórí yẹ́lò náà wà, àwọn tó ń mú kí ẹsẹ̀ iwájú bá ti ẹ̀yìn fà. Mùstàfá tẹ ti yẹ́lò, ó wọlẹ̀ kẹ́ú. Inú rẹ̀ dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀. Ìtìjú àna! Ìtìjú burúkú yìí!

Àwáwù fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bí a ṣe lè sọ lọ. “Ẹ jẹ́ kí n jókòó síwájú,” ni yóò máa wí, “kí ọmọ yìí lè mọ ọkọ̀ rẹ̀.” Wọ́n ti ṣètò pé bí oṣù kẹjọ bá ti pé, yóò lọ máa gbé ní ìlú títí yóò fi bímọ. Oṣù kẹjọ kò pé. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì, ìrọbí mú un lábà. Mùstàfá tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀.

“Má fòyà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin la ní.”

Ní etí odò, ó tẹ ti yẹ́lò, ó fa ti pupa sẹ́yìn, ó wa ọkọ̀ wọ ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ń yí, ó ń ta ẹrẹ̀ sókè. Ó yọrí wo táyà iwájú: wọ́n dúró gbagidi. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó gé ẹ̀ka igi, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ táyà, ó tún bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kún un, ó ń pe Ọlọ́run. Ọkọ̀ kò mira.

Àwáwù di ilẹ̀kùn mú. “Ṣebí ẹ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní?”

Kò fi bú u. Ìbéèrè ló ń bi í, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀. Ohùn yẹn kò tíì kúrò létí Mùstàfá títí dòní.

Inú ọkọ̀ ló bí ọmọ náà sí. Obìnrin ni, ó sì ké! Àwáwù gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ kò dá mọ́. Àwọn ará abà tó wà nítòsí sáré wá, wọ́n gbé e léjìká, gẹ́gẹ́ bíi ti ìjọ́sí. Kí wọ́n tó dé Ìlerò, wọ́n pè é, kò dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Jẹ́ẹ́dé àti àwọn ọkùnrin wọ́ ọkọ̀ jáde. Jẹ́ẹ́dé wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, kò lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Irin tó ń gbé agbára lọ fún ẹsẹ̀ iwájú kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti tú u.”

“Irin wo?”

Jẹ́ẹ́dé na apá. “Ó gùn ju báyìí lọ díẹ̀. Irin kéékèèké dábùú ara wọn lórí rẹ̀ méjèèjì.”

Mùstàfá jókòó sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ rántí irin náà.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ó mú ọ̀nà Ìsẹ́yìn pọ̀n. Fàtímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a lọ, òun ló gbé ọmọ. Ní gbogbo ọ̀nà, Mùstàfá ń to èébú jọ sẹ́nu. Yóò bú arúgbó yẹn! Yóò bi í pé ọmọ rẹ̀ àti òwú rẹ̀, èwo ló fẹ́?

Wọ́n bá bàbá nídìí òfì. Ó ti rù hangogo. Irin náà sì wà lórí pákó.

“Mùstàfá, jókòó,” ni bàbá wí. “Kí ló dá ọkọ̀ yẹn dúró?”

Mùstàfá ń wo irin. Ojú bàbá tẹ̀ lé tirẹ̀.

“Ìyẹn? Dẹ́rẹ́bà mi ló tú u lábẹ́ ọkọ̀ náà níjọ́sí. Ó ní lórí títì Ìbàdàn a kò nílò rẹ̀, pé ó kàn ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa mu epo ni. Mo ní kó má jù ú nù, ó wúwo, ó ń fa òwú mi le.” Ohùn rẹ̀ wá yí padà. “Àbí ó wúlò ni?”

Gbogbo èébú náà dé orí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Mùstàfá rántí ìbàdí ṣòkòtò Jẹ́ẹ́dé, bó ṣe gbá a mú tó ní kó dìde. Ó wo arúgbó tó ń dúró dè é, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa.

“Kò wúlò, Bàbá. Òjò ló pọ̀ jù.”

Bàbá bú sẹ́kún. “Mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́ pé ọkọ̀ gidi ni mo fún un. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, Mùstàfá, ǹ bá ti pa ara mi.”

Ó gé ọ̀já náà kúrò lórí òfì, Fàtímọ̀ sì fi pọn ọmọ. Ó le, ó dán, ó gbá ọmọ náà mú ṣinṣin. Bàbá fọwọ́ pa á lórí, ó pè é ní Àmọ̀kẹ́.

“Ó ṣì máa dàgbà,” ló wí. “Màá hun èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Bá mi gbé irin yẹn, kí o gbé pákó lọ sẹ́yìn, kí o sì gbé irin náà padà lé e lórí.”

Mùstàfá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e. Ó wúwo. Ó rọra gbé e lé orí pákó, kí òwú bàbá má baà já.