Àga Èsì

Sájẹ́ǹtì Déwálé kì í sá fún ìbọn, ṣùgbọ́n tó bá ti rí Alhaji Ṣàíbù, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu rẹ̀. Mùfúlíátù, ọmọ Alhaji yìí gan-an, ló sì fẹ́ fẹ́. Ẹ wo ìdààmú! Nígbà tí ọjọ́ ìtọrọ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó pinnu pé òun ò ní la ẹnu rárá. Ó ti ń kọ́ asẹ́ḿbílì ní bárékè, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kúkú fi kọ ìtọrọ náà, ó sì gbé e fún Kọ́pùrà Ọlákúnlé, ọmọ abẹ́ rẹ̀, pé kó bá òun ṣe é.

"Ìlà tó ní dọ́ọ̀tì níwájú, má kà á síta. Ó kàn ń sọ ibi tí nǹkan máa wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Èyí tó kù ni kí o ṣe. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

"Yẹs, sà!"

Bí wọ́n ṣe wọ pálọ̀ Alhaji ní àdúgbò Fori, Ọlákúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé. Ó kó ṣúgà, oyin àti dàbínò tí wọ́n gbé wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orúkọ Mùfúlíátù wà láàárín wọn nínú àwọn ìlà dọ́ọ̀tì, ló bá ní kí ọmọ náà jókòó ti ṣúgà. Ó gbé àga kan sọ́tọ̀ lófìfo. Ìyá Alhaji fẹ́ jókòó síbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mama. Ààyè èsì Alhaji nìyẹn."

Mama pòṣé, ó jókòó sórí ẹní.

Ọlákúnlé dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn, ó tọrọ ọmọ, gbogbo ẹ̀ lọ geere. Àfìgbà tí Déwálé rántí pé òun ò kọ ìlà tó máa sọ pé iṣẹ́ parí. Láìsí ìyẹn, kọ̀ǹpútà kì í dúró. Àṣẹ yòówù tó bá kàn ló máa ṣe. Ọlákúnlé náà kò dúró. Ó rí ohun tí wọ́n kọ sára páálí mílíìkì kan lórí tábìlì: kí wọ́n mì í kí wọ́n tó ṣí i. Ó mì í títí. Ó rí ti páálí ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá omi: kí wọ́n rẹ aṣọ sómi. Ó ṣí fìlà Alhaji, ó rì í sínú korobá.

"Haba! Jókòó mana!" Alhaji pariwo.

"Kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún mi, sà."

Alhaji fò dìde. "Ẹ kó ẹrù yín! Mi ò ní fọmọ fún ẹ̀rọ!"

Déwálé wo Mùfúlíátù. Ó ti sorí kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Déwálé bọ́ síwájú Alhaji. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, ni mo fi rán ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Mùfúlíátù. Ọlákúnlé, ó tó!"

Ọlákúnlé dúró gbagidi, fìlà ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

Alhaji na ọwọ́. Ó gba fìlà, ó dé e bẹ́ẹ̀, ó rìn lọ jókòó sórí àga òfìfo náà.

"To, ó dáa," ó ní, omi ń ṣàn lẹ́tí rẹ̀. "Ṣé ibí ni ẹ ní kí n fi 'mo gbà' sí?"