Àkàndé Ò Ní Kí N Dìde

Ìyá Dúpẹ́, jókòó, jẹ́ kí n rọ́ àlá yìí fún ẹ. A ń ya fíìmù mi, kò sówó òṣèré, ni èmi fúnra mi bá ṣe òkú. O mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe òkú gbọ́dọ̀ dìde rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, kíkú má baà mú un lóòótọ́. Mo wọnú pósí, mo bá ara mi ní pálọ̀ wa, bàtà rẹ pàápàá wà lábẹ́ tábìlì. Fíìmù mi ń lọ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àkàndé ló ni ín, Àkàndé tó ń bá mi darí fíìmù, tí ò ń bu oúnjẹ fún. Inú pósí náà ni mo ṣì wà, mo fọwọ́ gbá ìdérí rẹ̀.

"Àkàndé, o ò tíì ní kí n dìde rẹ́rìn-ín."

Ó rọra dáhùn pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, a ti kó kámẹ́rà lọ."

Ni mo bá jí.