A Kì í Pe Orúkọ Ẹni Tó Wà Lókè

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gun ọ̀pẹ ní Idigny, n kò já bọ́ rí. Ẹni tó bá sọ pé èmi Crépin ń bẹ̀rù òkè, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Rosalie ọmọ mi ti sọ pé òun ń lọ kọ́ṣẹ́ lórí wáyà, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́.

Wáyà wo? Wọ́n na wáyà irin láti orí òkè kan dé orí òkè kejì lọ́hùn-ún ní àríwá. Àfonífojì jíjìn ló wà láàárín, igbó kìjikìji sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á so àlejò rọ̀ mọ́ wáyà yìí, á máa sáré lọ lókè orí igi. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀! Rosalie fẹ́ wà lára àwọn tí yóò máa mú àlejò sọdá. Kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá sọdá ní ọjọ́ Sátidé. Bí ẹ̀rù bá bà á tí kò lọ, wọ́n á dá a padà sílé.

Ó gbé bẹ́líìtì tí wọ́n máa fi so ó mọ́ wáyà wálé láti fi dánra wò. Ó gba èjìká, ó gba abẹ́ itan. Mo fi eyín fa okùn rẹ̀, mo so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, bí mo ṣe máa ń dán igbà mi wò, ìyẹn okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Kò já. Inú mi kò tilẹ̀ dùn pé kò já. Ká ní ó já ni, ǹ bá rí nǹkan wí.

Sidonie ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Rosalie, ẹ kúkú fi iná dán an wò."

"Ṣé èmi ni mo ní kó lọ ni?"

"Ẹ̀yin ni o. Ta ló kọ́ ọ láti máa wòkè láti kékeré?"

Òótọ́ ló sọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni Rosalie ti ń gbé omi wá fún mi nídìí ọ̀pẹ. Nínú ilé wa, a kì í pe orúkọ ẹni tó wà lókè. Ẹnì kan pe ẹ̀gbọ́n mi Cyriaque lọ́jọ́ kan, ó yíjú láti dáhùn, ló bá já bọ́. Títí dòní, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò nà. Nítorí náà, bí Rosalie bá dé, òkúta ló máa ń fi kan ìdí ọ̀pẹ: kọ́, kọ́, kọ́. Ìyẹn ni pé, mo wà nísàlẹ̀. Èmi náà á fi ẹ̀yìn àdá kan ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti òkè: mo gbọ́, mo dúró dáadáa.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, alùpùpù tó máa gbé e dé Kétou ti dé ẹnu ọ̀nà. Rosalie kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ súre fún mi."

"Mi ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀," ni mo wí. Mo gbé igbà mi kọ́ èjìká, ó di oko. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sọ ọ́ di ìbínú. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Cyriaque ni ejò bù jẹ, èmi ni mo ń sá fún ekòló.

Nígbà tó di Sátidé, n kò lọ sóko. Mo jókòó sídìí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, mo ń pọ́n àdá tó ti mú tẹ́lẹ̀. Sidonie sáré gbé fóònù wá.

"Bàbá, mo wà lókè." Rosalie ni. "Wọ́n ti so mí. Ẹsẹ̀ mi ò gbé. Wọ́n ní bí mi ò bá lọ báyìí, ẹlòmíì ló kàn. Fóònù wà nínú àpò àyà mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Mo la ẹnu. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo yára gbé e mì.

"Ẹ sọ̀rọ̀ nù!" Sidonie ń fa aṣọ mi.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo gbé fóònù ti ìdí ọ̀pẹ, mo yí àdá padà, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan igi náà. Kọ́, kọ́, kọ́.

Atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́ lọ́hùn-ún. Mo ti rò pé wọ́n ti ń tú u sílẹ̀, kí n tó wá gbọ́ ọ, ìka lórí akoto tí wọ́n dé sí i lórí: kọ́, kọ́, kọ́.

Wáyà bá han. Ariwo irin tó ń fi eré lọ kún inú fóònù, kò tán bọ̀rọ̀. Sidonie ti di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ìgbà tó yá, ariwo náà dáwọ́ dúró, mo gbọ́ àtẹ́wọ́, mo gbọ́ ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é, mo tún un pè, títí àwọn ará ilé kejì fi jáde wá wò mí. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń ṣe ìwúre tí mo kọ̀ láti ṣe fún un ní Ọjọ́bọ̀.